Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn Lápá Òsì

Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ, mo ti gbọ́. Ẹ ní Bàbá kì í ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ bí èèyàn gidi. Ẹ ní bí ọkọ̀ àtijọ́ kan bá ti yà wọ ọgbà wa báyìí, kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohun tó ń ṣe é, mo ti dìde lórí bẹ́ǹṣì, mo ti pa ojú dé bí ẹni tó fẹ́ gbàdúrà lórí oúnjẹ, mò ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ni ọkọ̀ á máa wò mí, ẹ̀yin náà á máa fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara yín. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Òjò ti lé gbogbo wa wọ abẹ́ páànù, kò sì sí ẹni tó lè jó irin nínú òjò. Ẹ fi fóònù yín sápò, kí n sọ ohun tí mò ń gbọ́ fún yín.

Etí la fi ń ṣe iṣẹ́ yìí nígbà tiwa. Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ iṣẹ́ panẹ́lì-bítà, kí n tó kó òòlù mi wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, nígbà tí ààyè ṣì wà lẹ́yìn oríta Takie tí ewúrẹ́ ń jẹ̀ kiri. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, òòlù á bẹ̀rẹ̀. Òòlù onígi á máa dún pó-pó-pó, òòlù onírin á máa dún kán-kán-kán, màá sì wà lórí ẹní mi tí màá mọ ẹni tó ti dé ibi iṣẹ́ àti irú ibi tó ń nà. Ọ̀gá tó kọ́ mi ní Ọ̀yọ́ kì í wo ohun tí à ń ṣe rárá. Á jókòó, á kọ ẹ̀yìn sí wa, á máa jẹ obì rẹ̀. Á kàn ní, "Ìwọ tó wà lápá ọ̀tún yẹn, o ti na ibẹ̀ jù." Bí a bá sì wò ó, òótọ́ ni. Lónìí ẹ ti ki nǹkan bọ etí, orin ti ń lọ níbẹ̀ láti àárọ̀. N kò bá yín jà o. Ẹ kàn jẹ́ kó yé yín pé irin ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ ò sì sí nílé.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Kí ni ọkọ̀? Páànù ni. Bí ẹ bá yọ ìjókòó àti kápẹ́ẹ̀tì, tí ẹ tú páálí inú ilẹ̀kùn, páànù ihòòhò ló kù, páànù ihòòhò tó bá sì ń sáré lórí títì, ariwo rẹ̀ ò ní jẹ́ kí ẹ gbọ́ ohùn ẹni tó jókòó tì yín. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ fi máa ń tẹ́ nǹkan dúdú kan tó ki, tó wúwo, sí ilẹ̀ ọkọ̀ àti sí inú ilẹ̀kùn, kó lè máa gbé ariwo mì. Awọ ọ̀dà là ń pè é. Ibi tí irin méjì bá sì ti pàdé, wọ́n á fi síílà dí ojú rẹ̀, kí omi àti eruku má bàa rí ọ̀nà gbà. Ọ̀dà aláwọ̀ tó ń dán lára ọkọ̀ ni gbogbo ayé ń yìn. Àwọn méjì tí mo dárúkọ yìí, kò sẹ́ni tó ń rí wọn, bẹ́ẹ̀ àwọn ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ pẹ́ láyé.

Ẹ̀yin ní tiyín, ẹ máa ń ra èyí tó ní bébà fàdákà lẹ́yìn, ẹ ó gé e, ẹ ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ó parí. Síílà yín wà nínú ìbọn, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, á jáde. Kò sí bẹ́ẹ̀ nígbà tiwa. Awọ ọ̀dà kò sí lọ́jà, àfi èyí tó bá ọkọ̀ wá láti òkè òkun, ìyẹn náà á sì ti gbẹ, á ti máa fọ́ wẹ́wẹ́ bí àkàrà àná. Ohun tí a wá ń ṣe ni pé bí àwọn tó ń ṣe títì bá ti dé sàkání wa, a ó gbé garawa lọ bẹ̀ wọ́n fún ọ̀dà tó ṣẹ́kù. A ó yọ́ ọ lórí iná nínú ríìmù àtijọ́, a ó gé àpò ìdọ̀họ, a ó rì í bọ̀ ọ́, a ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ilẹ̀kùn nígbà tó ṣì gbóná. Ìkòkò tó máa jẹ ata, ìdí rẹ̀ á gbóná; ọwọ́ mi méjèèjì yìí ti gbóná tó. Òórùn ọ̀dà kì í sì í kúrò lára aṣọ. Bí mo bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi, àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì kan náà pẹ̀lú mi á rọra sún síwájú díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n tó ka Bíbélì tán mo ti dá ìdajì bẹ́ǹṣì ní.

Síílà ló wá ń fìyà jẹ mí. Inú agolo ló ń wà, ó ki bí ẹ̀kọ tó ti ń tutù, ìka la fi ń fà á tàbí búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ wo ìka mi. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè, igun ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ọkọ̀ sì tún há ju ọrùn kèrègbè lọ. Màá ṣe é, màá tún un ṣe, bí òjò kan bá rọ̀, ẹni tó ni ọkọ̀ á gbé e padà wá, omi á máa dún nínú ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọkùnrin kan tiẹ̀ bá ọ̀pọ̀lọ́ nínú tirẹ̀.

Àbẹ̀ní ló gbà mí. Ìyàwó mi ni, àwọn ọmọ wa ń pè é ní Màámi, gbogbo àdúgbò ń pè é ní Ìyá Oníkéèkì. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, onítẹ̀bọmi látọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn ìyá òyìnbó míṣọ́ọ̀nù sì ni ìyá rẹ̀ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe kéèkì ìgbéyàwó, tó fi kọ́ òun náà. Lọ́jọ́ kan ó gbé oúnjẹ wá fún mi níbi iṣẹ́. Ó bá mi níbi tí mo dojú bolẹ̀ sínú ilẹ̀kùn, síílà wà nírùngbọ̀n mi. Ó dúró, ó wò mí títí, ó wá pòṣé.

"Bàbá Ẹ̀bùn, ṣé ohun tí ẹ ń ṣe látàárọ̀ nìyí?"

Mo ní, "Kí ni o mọ̀ nínú iṣẹ́ ọkọ̀?"

"N kò mọ nǹkan kan nínú iṣẹ́ ọkọ̀. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń fa ìlà."

Ó bá padà sílé. Ó mú àpò kékeré tó fi ń fún ṣúgà funfun sára kéèkì wá, èyí tó ní ẹnu irin ṣóńṣó. Ó bu síílà sínú rẹ̀, ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, ìlà yẹn jáde, ó lọ gbọnrangandan láti igun kan dé èkejì, kò já, kò wú, kò yà. Nígbà tó dé òpin, ó yí ọwọ́ díẹ̀, ó fi ìkó kékeré kan tó ká bí ìkarahun ìgbín parí rẹ̀, irú èyí tó máa ń ṣe sétí kéèkì. Mo ní kí ló ń fi ìkó ṣe nínú ilẹ̀kùn, ibi tí páálí máa bò, tí ojú ẹnikẹ́ni ò ní dé mọ́ láé.

Ó ní, "Èmi ti rí i."

Bí iṣẹ́ tiwa ṣe di iṣẹ́ ẹni méjì nìyẹn. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀yìn Takie kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ń pè mí ní panẹ́lì-bítà oníkéèkì. Nígbà tí òjò ọdún kan kọjá, tí òjò kejì kọjá, tí ilẹ̀kùn tí Àbẹ̀ní fà ò gba omi, àwọn kan náà ló ń wá sílé mi lọ́jọ́ Sátidé, tí wọ́n ń kí i, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Oníkéèkì, ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ kan wà." Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ lọ geere. Ẹ mọ̀ bí ọdún ṣe máa ń rí. Gbogbo ẹni tó ní ọkọ̀ ló fẹ́ kó jáde kí Kérésìmesì tó dé, àwọn ará Ọ̀yọ́ fẹ́ tiwọn kí Iléyá tó dé, ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì tún wà láàárín. Nínú wàhálà bẹ́ẹ̀ ni Àbẹ̀ní gba kéèkì ìgbéyàwó ọmọ díákónì kan, ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìgbéyàwó ló sì bá mi fa ilẹ̀kùn mẹ́rin. Ẹnu irin kan ṣoṣo ló ní nígbà náà. Ó fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó sè é nínú omi gbígbóná. Kéèkì náà rẹwà, ẹ ó fẹ́ fi ojú jẹ ẹ́ tán. Díákónì gé tirẹ̀, ó fi sẹ́nu, ó dúró, ó wo òkè. Ó wá rọra sọ fún Àbẹ̀ní létí pé, "Ìyá Ẹ̀bùn, kéèkì yìí ń rùn bí títì."

Odindi ọjọ́ kejì ni kò fi jáde nínú yàrá. Mo rẹ́rìn-ín, kò sì yẹ kí n rẹ́rìn-ín, ó ká mi lára nígbà tí mo rí i bó ṣe ń sunkún. Lọ́jọ́ kẹta ó dìde, ó yan kéèkì mìíràn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó ṣe é, ó rù ú lọ bá tọkọtaya náà nílé wọn. Nígbà tó dé, ó ra ẹnu irin mìíràn, ó so òwú pupa mọ́ èyí àkọ́kọ́ lọ́rùn. Olówùú pupa ni ti ọkọ̀. Àwọn ọmọ wa kò tíì mọ ABD tí wọ́n ti mọ ìyẹn.

Kò tíì tán. Bí ọkọ̀ bá ti parí, kí a tó ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín, a ní ọ̀nà tí à ń gbà dán an wò. Ọ̀nà Ìkòyí-Ilé la máa ń gbé e gbà, a ó yà sí ọ̀nà oko tí kò lọ́dà, pàápàá lákòókò ọyẹ́ tí eruku pupa máa ń dìde bí èéfín. Èmi á máa wà á. Àbẹ̀ní á jókòó sẹ́yìn lápá òsì, á wé gèlè funfun báláú. Á pa ojú dé. Á ní, "Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀." Bí nǹkan bá ń dún wọnrọnwọnrọn níbì kan, kò ní la ojú, á kàn na ìka síbẹ̀. Bí a bá ti dé ilé, á tú gèlè, á gbọ̀n ọ́n síta. Bó bá funfun, ọkọ̀ ti parí. Bó bá pupa, a ó tú u padà. Lọ́jọ́ kan gèlè pupa bí osùn. A tú ọkọ̀ yẹn fún ọjọ́ mẹ́ta, a wá ojú ihò títí, a ò rí i. Ọjọ́ kẹrin ni mo tó rántí pé mo ṣí fèrèsé ẹ̀gbẹ́ mi díẹ̀ nígbà tí ooru mú mi lọ́nà. Àbẹ̀ní kò bá mi sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ ìsinmi.

Òun ló kọ́ mi ní pípa ojú dé. Á ti ilẹ̀kùn, á ní kí n gbọ́. Ilẹ̀kùn tí kò ní nǹkan nínú á ní gbàngàn, á tún máa gbọ̀n lẹ́yìn tó ti padé. Ilẹ̀kùn tí àpò ìdọ̀họ ọlọ́dà bá wà nínú rẹ̀ dáadáa, tí ìlà rẹ̀ sì pé, á ní gbì, á dákẹ́. Ó ní ilẹ̀kùn tó dára, ẹ̀ẹ̀kan ló ń sọ̀rọ̀.

Ó ti kú báyìí, ẹ mọ̀. Àìsàn náà kò pẹ́, n kò fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí lẹ́yìn rẹ̀ ni pé n kò rí nǹkan tó fi ọwọ́ ṣe mọ́. Kéèkì, jíjẹ ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Aṣọ rẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀ pín in bó ṣe yẹ. Àwọn ọkọ̀ tó fà, wọ́n ti tà wọ́n, wọ́n ti jẹrà, àwọn tó ń ra àlòkù irin ti gé wọn wẹ́wẹ́. Mo máa ń jókòó síbí yìí kí n máa rò ó pé obìnrin tó ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò sí níbì kankan láyé mọ́.

Òjò èṣí ni Morẹ́nikẹ́ gbé ọkọ̀ bàbá rẹ̀ wá. Díẹ̀ nínú yín wà níbẹ̀. Tíṣà ni bàbá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́, ó ti dolóògbé tipẹ́. Ọkọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin aláwọ̀ oyin yẹn ló fi ń gbé wọn láti Ọ̀yọ́ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dọ̀ ìyá ìyá wọn, ó sì máa ń nù ún tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ fi sọ ọkọ̀ náà ní Ìyàwó Tíṣà. Láti ìgbà tó ti kú, abẹ́ tapólì lẹ́yìn ilé ni wọ́n gbé e sí. Morẹ́nikẹ́ ti pẹ́ nílùú òyìnbó, ó ti fẹ̀yìn tì, irun rẹ̀ ti funfun ju ti ẹlòmíràn nínú yín tó ní òun dàgbà. Ó kúnlẹ̀ kí mi nínú ẹrẹ̀. Ó ní, "Bàbá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ṣì mọ irú rẹ̀. Bó ṣe jáde nílé-iṣẹ́ gẹ́lẹ́ ni mo fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ kó dún bó ṣe máa ń dún nígbà tí mo wà ní kékeré lẹ́yìn rẹ̀."

Ó kó fọ́tò jáde. Ó ti wá gbogbo rẹ̀ kiri lórí fóònù: ibi tí ilé-iṣẹ́ tẹ́ awọ ọ̀dà sí, bó ṣe nípọn tó, ibi tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì pa síílà, tí ojú búrọ́ọ̀ṣì ṣì hàn, tó wú síbì kan tó fẹ́lẹ́ síbì kan, nítorí pé ẹni tó ń ṣe é ń kánjú, ọkọ̀ mìíràn ti ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó ní àwọn tó ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ máa ń yẹ ìyẹn wò, bó bá mọ́ jù, wọ́n á ní kì í ṣe ojúlówó. Ó ti ra awọ ọ̀dà gidi láti òkè òkun. Mo ní kò burú, ó ti yé mi.

Nígbà tó lọ, mo tú páálí ilẹ̀kùn àkọ́kọ́. Àpò ìdọ̀họ la bá nínú rẹ̀. Ìlà kan wà lábẹ́ rẹ̀, ó lọ gbọnrangandan láti igun kan dé èkejì. Ìkó kékeré wà lópin rẹ̀.

N kò rántí pé a ti ṣe ọkọ̀ yẹn rí. Ọkọ̀ tó gba ọwọ́ wa pọ̀. Mo fi ìka tọ ìlà yẹn, ó ti le bí òkúta. Níbì kan ní àárín, mo rí ibi tí Àbẹ̀ní ti tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ ọn kó lè tẹ́, ojú ìka rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìlà inú rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀. Ẹ̀yin rò pé ẹsẹ̀ ń dùn mí lọ́jọ́ náà, ẹ gbé omi wá fún mi.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ fún Morẹ́nikẹ́. Kí ni mo fẹ́ sọ? Oníbàárà ti sọ ohun tó fẹ́, mo ti ní ó yé mi. Ṣé kí n wá ní kó jọ̀ọ́, kó fi ìyàwó mi sílẹ̀ sínú ọkọ̀ bàbá rẹ̀? Mo mú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ, mo mú kẹrosíìnì, mo ní kẹ́nikẹ́ni má bá mi fọwọ́ kàn án. Mo ha ilẹ̀ ọkọ̀. Mo ha ilẹ̀kùn iwájú méjèèjì, mo ha ti ẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Ìkó mẹ́ta ni mo fi ọwọ́ ara mi ha dànù, mo sunkún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, n kò sì tijú láti sọ ọ́. Mo tẹ́ awọ ọ̀dà tuntun, mo fi búrọ́ọ̀ṣì pa síílà bí ẹni tó ń kánjú, gẹ́lẹ́ bó ṣe wà nínú fọ́tò. Iṣẹ́ náà dára, èmi ni mo ṣe é. Ó wá ku ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá òsì, ọwọ́ mi ò gbà á. Bí mo bá mú ọ̀bẹ, màá rántí nǹkan mìíràn tó yẹ kí n ṣe. Ọ̀sẹ̀ méjì lọ bẹ́ẹ̀.

Morẹ́nikẹ́ dé láìsọ tẹ́lẹ̀. Ó ní òun kàn fẹ́ gbọ́ ọ kí wọ́n tó kun ún. Ó lọ jókòó sẹ́yìn lápá òsì, ó ní ibẹ̀ ni àyè òun láti kékeré, ó ní kí n bá òun ti àwọn ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti ọ̀kan níwájú. Ó ní, "Ó dára, Bàbá." Mo ti èkejì. Ó ní, "Ó dára." Mo ti ẹ̀kẹta, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí itan. Mo wá ti ẹ̀kẹrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Gbì.

Ó gbé orí sókè. Ó ṣí i fúnra rẹ̀, ó tún un tì. Ó tún un ṣí, ó tún un tì. Omi ti wà lójú rẹ̀.

"Bàbá, èyí ni. Bàbá mi á ti bọ́ọ́lẹ̀ níwájú, á wá bá mi ti èyí. Kí lẹ ṣe sí èyí tí ẹ ò ṣe sí àwọn tó kù?"

Mo ní, "N kò tíì fọwọ́ kan ìyẹn."

Mo wá sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti Àbẹ̀ní, mo sọ ti àpò kéèkì, mo ní ohun tó ń wá wà nínú ọkọ̀ yìí nígbà tó gbé e dé, mo ti ha ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ dànù nítorí pé n kò la ẹnu. Mo ní kó má bínú. Ó nu ojú rẹ̀.

"Ṣé obìnrin kan tó máa ń wé gèlè funfun ni? Tó máa ń gé etí kéèkì fún wa bí a bá wá gbé ọkọ̀?"

Mo ní òun ni.

"Ẹ fi ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀. Kí ẹ ṣe àwọn mẹ́ta tó kù kó dà bí èyí."

"Morẹ́nikẹ́, àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò á ní kì í ṣe ojúlówó."

"Ta ló ń gbé e lọ bá wọn? Ọ̀yọ́ la ń gbé e lọ."

Mo ní n kò lè ṣe é bíi ti Àbẹ̀ní. Mo na ìka mi sí i kó wò ó. Ó ní, "Ẹ ṣe é bíi tiyín, Bàbá, ó ti tó."

Mo délé, mo ṣí àpótí tí àwọn àbúrò rẹ̀ kò pín. Ẹnu irin olówùú pupa wà níbẹ̀, gèlè funfun wà lábẹ́ rẹ̀. Mo wá àpò ìdọ̀họ, mo wá ọ̀dà títì, ẹ̀yin náà rí mi níbi tí mo ti ń yọ́ ọ tí ẹ ń sá fún èéfín. Morẹ́nikẹ́ dojú garawa dé, ó jókòó lé e, ó ń wò mí. Ìlà tèmi wọ́ bí ọ̀nà ẹni tó mu ẹmu. N kò fi ìkó kankan sópin rẹ̀, torí ìyẹn kì í ṣe tèmi.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, a gbé Ìyàwó Tíṣà gba ọ̀nà Ìkòyí-Ilé. Morẹ́nikẹ́ ló wà á. Èmi bàbá arúgbó jókòó sẹ́yìn lápá òsì, mo fara ti ilẹ̀kùn Àbẹ̀ní, mo wé gèlè funfun. Ó wò mí nínú dígí, ẹ̀rín pa á débi pé ó ní láti dá ọkọ̀ dúró. Mo ní, "Má bá mi sọ̀rọ̀." Mo pa ojú dé. Eruku ń lù wá níta, a ń bọ́ sínú kòtò, a ń jáde, ilẹ̀kùn tó wà léjìká mi kò sọ nǹkan kan.

Ní ẹ̀yìn Takie níbí la ti sọ̀ kalẹ̀. Mo tú gèlè, mo tẹ́ ẹ sórí bóńẹ́ẹ̀tì. Apá ọ̀tún rẹ̀ pupa bí ilẹ̀. Apá òsì funfun bó ṣe jáde nínú àpótí.

Morẹ́nikẹ́ wò ó títí. Ó ní, "Bàbá, tiyín ń jò."

Mo ní, "Mo mọ̀."

Ó ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, eruku ò lè pa òun. Ọkọ̀ náà ti wà ní Ọ̀yọ́. N kò fọ gèlè yẹn, mo ká a padà sínú àpótí bó ṣe wà. Òjò ti ń dá, ẹ ó tó padà sídìí irin yín. Ọkọ̀ tí èmi àti Àbẹ̀ní ṣe láyé pọ̀, ó sì lè jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo wọn ni wọ́n ti gé. Bí ọkọ̀ àtijọ́ kan bá tún yà wọlé, tí ẹ rí mi tí mo pa ojú dé nídìí ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ bá mi fi òòlù sílẹ̀ díẹ̀. Mò ń wò ó bóyá ọwọ́ Àbẹ̀ní tún wà nínú ìyẹn.